Owó Fàdákà Gẹ̀ẹ́sì ní Etíkun Àgbádárìgì: Ìkójọ, Ìpamọ́ àti Ẹ̀rí fún Òpìtàn

1. Ìfáàrà

Bí ọ̀rọ̀ owó àtijọ́ bá jẹ yọ láàrin àwọn òpìtàn ilẹ̀ Yorùbá, owó ẹyọ ni ọkàn ọ̀pọ̀ wọn máa ń kọ́kọ́ lọ bá. Èyí kò yani lẹ́nu. Marion Johnson kọ iṣẹ́ ribiribi lé e lórí ní 1970, òun àti Jan Hogendorn sì tún gbé odidi ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1986. Ṣáájú wọn, ní 1966, ni A. G. Hopkins ti ṣàlàyé bí owó ẹyọ ṣe yẹ̀ kúrò lójú ọjà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, tí owó Gẹ̀ẹ́sì sì gba ipò rẹ̀. Òfin tó mú owó tuntun náà wọlé, iye tó wọlé, àti àwọn tó jèrè rẹ̀ ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń tọpasẹ̀. Owó náà fúnra rẹ̀ ni àpilẹ̀kọ yìí dojú kọ: sílè, sísì àti tọ́rọ́ tó ti ọwọ́ dé ọwọ́, tó wọ inú ìkòkò, tó wọ inú iná alágbẹ̀dẹ, tí díẹ̀ nínú rẹ̀ sì kù sí ìsàlẹ̀ àpótí àwọn ìyá àgbà.

Ìdí mẹ́ta ni a fi mú etíkun Àgbádárìgì. Èkíní, ó wà lára àwọn ibi tí òyìnbó oníṣòwò àti òyìnbó oníwàásù kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ sí ní ilẹ̀ wa. Èkejì, orí omi ọ̀sà tó so Èkó pọ̀ mọ́ Àjàṣẹ́ ló wà, owó ìjọba méjì sì ń pàdé níbẹ̀. Ẹ̀kẹta, àwọn tó ń gbé ibẹ̀, Ògù àti Yorùbá, ti rí oríṣi owó mélòó kan tó dé tó sì lọ kí sílè tó dé. Wọn kì í ṣe òpè nínú ọ̀rọ̀ owó.

Àbá tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Kíkó owó fàdákà Gẹ̀ẹ́sì jọ kì í ṣe àṣà tí àwọn olùfẹ́ ohun àtijọ́ òde òní dá sílẹ̀. Àwọn oníṣòwò etíkun ló kọ́kọ́ ṣa owó náà jọ, òye ni wọ́n sì fi ṣà á. Ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn ń kà sí àìmọ̀kan, ìyẹn bíbo owó mọ́lẹ̀, ìṣirò ni. Bí èyí bá jẹ́ òtítọ́, àwọn owó tó ṣẹ́ kù kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ lásán. Ìwé ìtàn ni wọ́n jẹ́ fún àwọn tí kò kọ ìwé.

2. Owó tó wà lójú ọjà kí sílè tó dé

Òwò ẹrú ló sọ Àgbádárìgì di ìlú ńlá ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ibẹ̀ ni Clapperton gúnlẹ̀ sí ní 1825, ibẹ̀ náà sì ni àwọn ará Lander méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò wọn lọ sí odò Ọya ní 1830. Ní oṣù kẹsàn-án 1842 ni Thomas Birch Freeman dé. Henry Townsend tẹ̀ lé e ní oṣù kejìlá ọdún kan náà. Ní 1845 ni Gollmer, Townsend àti Samuel Ajayi Crowther dé láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjọ wọn níbẹ̀.

Owó ẹyọ ni gbogbo wọn bá lójú ọjà. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000. Ọ̀kẹ́ kan tó ẹrù alágbàárù kan gédégbé. Owó fàdákà náà kò ṣàjèjì pátápátá, nítorí àwọn olówò ẹrú tó ń ti Brazil àti Cuba wá máa ń mú dọ́là fàdákà Sípéènì lọ́wọ́. Bákan náà, láti ìparí àwọn ọdún 1830 ni àwọn Sàró ti ń padà wálé láti Freetown, níbi tí ilé-iṣẹ́ tó dá ìlú náà sílẹ̀ ti rọ owó fàdákà tirẹ̀ láti 1791. Nítorí náà, ojú etíkun ti mọ fàdákà gẹ́gẹ́ bí owó kí ọba Gẹ̀ẹ́sì tó ní àṣẹ kankan níbẹ̀.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ láàrin 1845 sí òpin ọ̀rúndún náà tó ṣe pàtàkì sí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn oníṣòwò Jámánì láti Hamburg bẹ̀rẹ̀ sí kó oríṣi owó ẹyọ mìíràn wá láti ìhà Zanzibar. Èyí tóbi ju ti erékùṣù Maldives tí wọ́n ń ná tẹ́lẹ̀ lọ, owó pọ́ọ́kú ni wọ́n sì ń rà á níbẹ̀. Ọkọ̀ kò dákẹ́ kíkó o wá, ẹyọ sì pọ̀ títí ó fi di yẹpẹrẹ. Ẹni tó ní ọgọ́rùn-ún ọ̀kẹ́ nínú ilé ní 1850 tí kò ná an rí i pé iye ẹyọ rẹ̀ kò dín, ṣùgbọ́n ohun tó lè rà ń dín lọ́dọọdún. Ìdílé púpọ̀ ni ọrọ̀ wọn yọ́ báyìí lójú ara wọn. Síbẹ̀, ẹyọ ṣì lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe àdéhùn owó ọdọọdún fún Ọba Dòsùnmú ti Èkó ní 1862, 1,200 ọ̀kẹ́ owó ẹyọ ni wọ́n kọ sínú ìwé, kì í ṣe pọ́n-ùn.

Ẹ̀kọ́ tí àwọn ará etíkun rí kọ́ nínú ìṣubú owó ẹyọ hàn kedere: owó tí àjèjì lè rí kó wá lọ́pọ̀ yanturu láti ibi tó ti pọ̀ kò ṣeé fi ọkàn tán fún ìpamọ́. Ẹ̀kọ́ yìí ni wọ́n gbé lọ pàdé sílè.

3. Bí fàdákà Gẹ̀ẹ́sì ṣe dé

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì yin ìbọn lu Èkó ní oṣù kejìlá 1851, wọ́n sì gba ìlú náà ní oṣù kẹjọ 1861. Ní 1863 ni Àgbádárìgì bọ́ sábẹ́ àṣẹ wọn. Láti ìgbà náà ni owó iṣẹ́ àwọn ọmọ ogun àti ti akọ̀wé, pẹ̀lú owó orí ọjà tí wọ́n ń san fún àwọn aṣọ́bodè, ti ń sọ sílè di ohun tí olówò kò lè ṣaláìní. Ní 1880, ìjọba ṣe òfin fún Èkó àti Gold Coast tó mú owó fàdákà ilẹ̀ mìíràn kúrò nínú owó tí ó bófin mu. Dọ́là Sípéènì jáde, sílè jókòó.

Orúkọ tí àwọn ènìyàn fún owó wọ̀nyí fi hàn bí wọ́n ṣe gbà á mọ́ra. Eépìnnì ni ìdajì kọ́bọ̀; kọ́bọ̀ mẹ́ta ni tọ́rọ́, mẹ́fà ni sísì, méjìlá ni sílè; ogún sílè sì ni pọ́n-ùn kan. Kọ́bọ̀ àtijọ́ yìí, tí 240 rẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn kan, kì í ṣe kọ́bọ̀ tó bá náírà dé ní 1973, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ náà ló jogún. Nínú gbogbo wọn, tọ́rọ́, sísì, sílè, owó sílè méjì àti owó sílè méjì àbọ̀ ni wọ́n fi fàdákà rọ.

Ìṣàn owó yìí kò lágbára ní ìbẹ̀rẹ̀. Láàrin 1886 sí 1890, owó fàdákà tó wọ gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kò ju nǹkan bíi £24,000 lọ́dún. Láàrin 1906 sí 1910, ó ti ju £660,000 lọ lọ́dún. Epo pupa àti èkùrọ́ ló fà á, iṣẹ́ ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1896 kún un, bánkì náà sì dé. Ní 1894 ni Bank of British West Africa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó, ọwọ́ rẹ̀ sì ni àṣẹ kíkó owó fàdákà tuntun wọlé láti ilé ìrọwó ọba ní London wà.

4. Iye méjì lára owó kan

Ẹni tó bá fẹ́ lóye ìwà àwọn olùkójọ gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe rọ owó náà. Òfin 1816 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ pé kí wọ́n máa rọ sílè 66 láti inú ìwọ̀n fàdákà kan tó jẹ́ áùnsì 12. Èyí túmọ̀ sí pé áùnsì kan di owó tó jẹ́ 66 kọ́bọ̀. Fàdákà inú rẹ̀ jẹ́ 925 nínú 1,000. Bàbà ni ìyókù. Ìwọ̀n sílè tuntun kan jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 5.65.

Àṣírí ibẹ̀ nìyí: owó náà ní iye méjì. Èkíní ni iye tí orí ọba tó wà lára rẹ̀ fún un, ìyẹn kọ́bọ̀ 12 fún sílè kan, tí kì í yí padà. Èkejì ni iye fàdákà inú rẹ̀, tó ń lọ sókè sódò pẹ̀lú ọjà àgbáyé. Nígbà tí Jámánì àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn kọ fàdákà sílẹ̀ fún wúrà lẹ́yìn 1871, fàdákà ja wálẹ̀. Áùnsì kan tó jẹ́ nǹkan bíi 60 kọ́bọ̀ ní London ní 1872 ti di nǹkan bíi 24 kọ́bọ̀ ní 1902. Ìyẹn ni pé fàdákà inú sílè kan ní 1902 kò tó kọ́bọ̀ márùn-ún, síbẹ̀ kọ́bọ̀ 12 ni àgbẹ̀ tó gbé epo dé etí ọ̀sà ń gbà á sí.

Ìyàtọ̀ tó wà láàrin iye méjèèjì ń wọ àpò ìjọba ní London. Nínú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, òfin kò fi dandan mú ẹnikẹ́ni láti gba owó fàdákà tó ju 40 sílè lọ fún gbèsè kan. Ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, kò sí irú ààlà bẹ́ẹ̀. Àwọn tó wà ní London ń bẹ̀rù pé bí ọjà bá bàjẹ́, gbogbo fàdákà náà lè rọ́ padà wá bá wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rù náà dá lórí èrò pé owó náà ń kọjá lọ́wọ́ ènìyàn ni. Wọn kò rò ó dáadáa pé púpọ̀ nínú rẹ̀ ti dúró.

5. Ìpamọ́: àìmọ̀kan ni tàbí ìṣirò?

Ìkòkò ni wọ́n ń kó owó náà sí. Wọ́n á bò ó mọ́ ilẹ̀ iyàrá tàbí ẹ̀yìnkùlé. Ojú ìjọba amúnisìn rí èyí bí ìwà àwọn tí kò lajú. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ọ̀rọ̀ náà sí ipò tí oníṣòwò Àgbádárìgì wà, ìdí mẹ́ta ló dúró gbọn-in-gbọn-in.

Ìdí kìíní ni ìrírí owó ẹyọ. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá. Ẹni tó ti rí ọ̀kẹ́ owó tó di yẹpẹrẹ kò ní fi gbogbo ọkàn tán owó mìíràn tí àjèjì ń fi ọkọ̀ kó wá. Ohun tó yàtọ̀ nínú ti fàdákà ni pé bí ọ̀rọ̀ ọba tó wà lára rẹ̀ bá tilẹ̀ di òfo, fàdákà á kù. Ilẹ̀ wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó bá ṣubú láti orí rẹ̀. Ti ẹyọ kò ní ilẹ̀.

Ìdí kejì ni ààlà. Ní oṣù kẹjọ 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fẹnu kò lórí ààlà tó pín ilẹ̀ Àgbádárìgì àti ilẹ̀ Àjàṣẹ́ níyà. Ààlà náà kò dá ọkọ̀ ojú omi dúró, kò sì dá ìbátan dúró. Owó Gẹ̀ẹ́sì ń ná geere ní Àjàṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́, bí inú àwọn aláṣẹ Faransé kò tilẹ̀ dùn sí i tí wọ́n sì ń fẹ́ kí faranki gba ipò rẹ̀. Fún obìnrin tó ń ra ọjà ní ìhà kan tó ń tà á ní ìhà kejì, àṣẹ ọba kan lè yí padà lọ́jọ́ kan. Fàdákà kò ní ààlà.

Ìdí kẹta ni ìgbà òwò. Owó epo àti èkùrọ́ kì í wọlé bákan náà jálẹ̀ ọdún. Ó ní ìgbà tí owó ń wọlé wìtìwìtì, ó ní ìgbà tí ó ń gbẹ. Èkó, níbi tí bánkì wà, tó nǹkan bíi kìlómítà 60 sí Àgbádárìgì, ìwé bánkì kò sì wúlò fún ẹni tó nílò owó lọ́wọ́ lọ́jọ́ ọjà kí ó lè ra ọjà ṣáájú ẹlòmíràn. Ìkòkò inú ilé ni bánkì tó ṣí tọ̀sán-tòru.

Ó tọ́ kí a sọ ìhà kejì pẹ̀lú. Ìpamọ́ yìí kò ní èlé. Olè lè jí i, ikú òjijì sì lè mú kí ẹnikẹ́ni má mọ ibi tó wà mọ́. Láàrin 1894 sí 1914, bí ìjọba bá sọ pé òun kò gba sílè mọ́, ẹni tó ní ìkòkò kan ì bá pàdánù ju ìdajì ohun tó ní lọ. Kì í ṣe pé olùpamọ́ kò lè pàdánù. Ohun tí àbá yìí ń sọ ni pé ó mọ irú ewu tó wà nínú ẹyọ, nínú bébà àti nínú fàdákà, ó sì yan èyí tó kéré jù.

6. Owó lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ

Ìpamọ́ kò parí sí inú ìkòkò. Ilẹ̀ Yorùbá àti ilẹ̀ Dàhòmì kò ní ibi tí wọ́n ti ń wa fàdákà. Ara owó ni ọ̀pọ̀ èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ fàdákà ń lò ti ń wá. Ní Abomey, ìdílé Hountondji tó ń rọ nǹkan fún àwọn ọba mọ iṣẹ́ yìí dunjú, owó àjèjì ni wọ́n sì máa ń yọ́ sínú iná. Ẹ̀gbà, ọrùn ọwọ́, yẹtí àti ẹ̀ṣọ́ ọ̀pá àwọn olóyè ni owó náà máa ń di. Nígbà mìíràn wọn kì í yọ́ ọ. Wọ́n á lu ihò sí i lára, wọ́n á sì fi okùn bọ̀ ọ́.

Ó rọrùn láti ka èyí sí fáàrí. Ṣùgbọ́n nínú àṣà Yorùbá, ohun ìní obìnrin, tirẹ̀ ni. Ọkọ kò ní àṣẹ lórí rẹ̀. Ẹ̀gbà fàdákà jẹ́ owó tí obìnrin lè wọ̀ lọ́jọ́ ayẹyẹ, tó lè fi dúró fún gbèsè, tó lè tà nígbà ìpọ́njú, tó sì lè pín fún àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin láìsí ìwé ogún kankan. Ọ̀ṣọ́ àti ìfowópamọ́ kì í ṣe ohun méjì. Ojú méjì nǹkan kan náà ni wọ́n.

Fún òpìtàn, ibí yìí ni àdánù ti bẹ̀rẹ̀. Sílè tó bá ti wọ inú iná ti sọ ọdún rẹ̀ nù. Èyí tí wọ́n lu ihò sí lára ṣì mú ọdún rẹ̀ dání, ihò náà sì jẹ́ ẹ̀rí pé ẹnì kan ti mú un kúrò nínú ọjà pẹ̀lú ìpinnu. Olùkójọ tó ń wá owó dídán tí ara rẹ̀ kò lábàwọ́n máa ń ju irú èyí nù. Òpìtàn ni ó yẹ kó gbé e.

7. Ọdún 1920: ìdájọ́

Ní 1911 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yan ìgbìmọ̀ kan tí Lord Emmott ṣe olórí rẹ̀ láti yẹ ọ̀rọ̀ owó Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wò. Ní oṣù kọkànlá 1912 ni àjọ West African Currency Board jáde láti inú ìmọ̀ràn wọn, kí èrè ìrọwó lè máa wọ àpò àwọn ilẹ̀ tó ń ná owó náà. London ni àjọ náà jókòó sí, London náà ni ó sì ń kó owó ìpamọ́ rẹ̀ sí. Láti 1913 ni owó fàdákà tirẹ̀ ti jáde: lára sílè, orí ọba ní ojú kan, igi ọ̀pẹ ní ojú kejì. Fàdákà 925 nínú 1,000 náà ni wọ́n fi rọ ọ́, bíi ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ogun 1914 sí 1918 da gbogbo rẹ̀ rú. Fàdákà di ọ̀wọ́n. Láti 1916 ni àjọ náà ti ń gbé owó bébà jáde, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kọ̀ ọ́. Ní ọ̀pọ̀ ọjà, wọn kò gba bébà ní iye tí wọ́n kọ sí i lára. Ní oṣù kejì 1920, áùnsì fàdákà kan dé 89½ kọ́bọ̀ ní London. Ẹ jẹ́ kí a rántí pé 66 kọ́bọ̀ ni wọ́n ń fi áùnsì kan rọ. Fàdákà inú sílè kan ti ju kọ́bọ̀ 16 lọ, nígbà tí iye tí wọ́n kọ sí i lára ṣì jẹ́ 12.

Ní ọdún kan náà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dín fàdákà inú owó ilẹ̀ rẹ̀ kù láti 925 sí 500 nínú 1,000. Ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, wọ́n lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ: owó idẹ ni wọ́n fi rọ́pò. Sílè tuntun pọ́n bí ide, ó sì rọrùn fún àwọn tó ń rọ ayédèrú owó láti ṣe irú rẹ̀. Nígbà tí owó rere àti owó burúkú bá ń ná ní iye kan náà, owó burúkú ni ènìyàn á ná, á sì pa èyí tó dára mọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Wọ́n ń ṣa owó funfun kúrò nínú owó pupa, wọ́n sì ń fi í pamọ́.

Ní òpin ọdún náà fàdákà ti já padà sí ìsàlẹ̀, nítorí náà kò tọ́ kí a sọ pé gbogbo ẹni tó pa owó mọ́ ló di ọlọ́rọ̀. Ohun tó dájú ni pé ọdún 1920 dá wọn láre nípa kókó ọ̀rọ̀ náà: ìjọba tó sọ pé orí ọba ló sọ owó di owó ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ fàdákà kúrò nínú rẹ̀ nígbà tí fàdákà di ọ̀wọ́n. Àwọn tí wọ́n pè ní aláìmọ̀kan ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé iye méjì ló wà lára owó náà.

8. Ohun tí àkójọ lè sọ fún òpìtàn

Owó kọ̀ọ̀kan ń gbé ọdún rẹ̀ kiri. Orí Victoria nìkan ní ìpele mẹ́ta: ti ọ̀dọ́mọbìnrin láti 1838 sí 1887, ti adé kékeré láti 1887 sí 1893, àti ti àgbà tó bo orí láti 1893 sí 1901. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Edward Keje, 1902 sí 1910, àti George Karùn-ún láti 1911. Ẹni tí kò tilẹ̀ lè ka ọdún ara owó tó ti pa lè fi ojú orí mọ ìgbà rẹ̀.

Ká ní wọ́n hú ìkòkò kan jáde nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé. Bí owó tó kéré jù lọ́jọ́ orí nínú rẹ̀ bá jẹ́ ti 1911, kò lè jẹ́ pé wọ́n bò ó ṣáájú 1911. Bí púpọ̀ nínú rẹ̀ bá jẹ́ ti Victoria tí ojú wọn sì ti pa, owó tó ti rìn pẹ́ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn ni. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ ọdún kan tí wọ́n sì dán bákan náà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti wá tààrà láti ọ̀dọ̀ bánkì tàbí ilé-iṣẹ́ òyìnbó kan, bóyá owó iṣẹ́ tàbí owó epo ńlá kan. Bí faranki tàbí dọ́là bá wà láàrin wọn, ìtàn ààlà nìyẹn. Bí idẹ 1920 kò bá sí níbẹ̀ rárá nígbà tí owó fàdákà tó ṣẹ̀yìn rẹ̀ wà, ẹnì kan ló ṣà á.

Gbogbo èyí ń ti ara ìbákẹ́gbẹ́ wá. Owó kan ṣoṣo tí wọ́n ti yọ kúrò láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n sì ti fi eérú tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ títí ó fi ń dán, ti di odi. Nítorí náà, ohun tí ó yẹ ní kíkọ sílẹ̀ kò pọ̀: ibi tí wọ́n ti rí i, ohun tí wọ́n kó o sí, iye gbogbo rẹ̀, ọdún ara ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n rẹ̀, ihò tàbí àmì ara rẹ̀, àti ohun tí ìdílé náà mọ̀ nípa ẹni tó ni ín. Akẹ́kọ̀ọ́ kan pẹ̀lú ìwé àti òṣùwọ̀n kékeré lè ṣe é ní ọjọ́ kan.

9. Òfin àti ewu tó wà níwájú

Òfin 77 ti 1979, tó dá àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀, dáàbò bo iṣẹ́ ọnà àti iṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ wa tí wọ́n ṣe ṣáájú 1918. Ẹ̀gbà tí alágbẹ̀dẹ Yorùbá tàbí Ògù fi sílè rọ ṣáájú ọdún náà bọ́ sábẹ́ ààbò yìí. Sílè tí wọ́n fi rọ ọ́ kò bọ́ síbẹ̀ ní tààrà, nítorí kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ wa. Ìkòkò tí wọ́n hú jáde lè jẹ́ ohun tí àwọn awalẹ̀pìtàn ń wá, ṣùgbọ́n bí ìdílé bá ti kó o jáde tí wọ́n sì ti pín in, ta ni yóò mọ̀ pé ìkòkò kan wà rí?

Ewu náà kì í ṣe ti òde yìí nìkan. Nígbà tí fàdákà ga sókè lójijì ní oṣù kìíní 1980, owó fàdákà àtijọ́ tí àwọn ènìyàn yọ́ ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò lóǹkà. Níbẹ̀, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti kó àpẹẹrẹ gbogbo ọdún pamọ́, ìtàn kò sì sọnù. Ní etíkun Àgbádárìgì, kì í ṣe àpẹẹrẹ owó náà ni yóò sọnù, nítorí irú rẹ̀ wà ní London. Ohun tí yóò sọnù ni pé ibí ni wọ́n ti rí i, ìyá báyìí ló kó o jọ, ìgbà báyìí ló sì dá a dúró. Kò sí ilé kan ní London tó ní ẹ̀dà ìyẹn.

10. Ìkádìí

Àpilẹ̀kọ yìí ti tọpa owó fàdákà Gẹ̀ẹ́sì láti ìgbà tó dé bá owó ẹyọ ní etíkun Àgbádárìgì títí dé ọdún tí ìjọba yọ fàdákà kúrò nínú rẹ̀. Ó ti fi hàn pé owó náà ní iye méjì, pé èrè tó wà láàrin méjèèjì wọ àpò London fún ìgbà pípẹ́, àti pé àwọn tó pa owó náà mọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí ohun tí ojú wọn ti rí nínú owó ẹyọ àti lójú ààlà. Wọn kò kọ ìṣirò wọn sínú ìwé. Owó tí wọ́n yàn láti má ná ni wọ́n fi kọ ọ́.

Ìwé ìjọba sọ iye sílè tó wọlé fún wa. Iye tó dúró, ọ̀dọ̀ ẹni tó dúró sí, àti ìdí tó fi dúró, inú ìkòkò, ara ẹ̀gbà àti ìsàlẹ̀ àpótí nìkan ló kù tí a ti lè wá a. Bí àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìtàn bá dúró títí alágbẹ̀dẹ àti àwọn tó ń ra fàdákà fi parí iṣẹ́ wọn, ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ amúnisìn nìkan ni yóò kù nílẹ̀, wọn yóò sì máa pe àwọn ìyá wa ní aláìmọ̀kan lọ láìsí ẹni tó lè fèsì.